Ẹ Gbé Ohun Tó Bàjẹ́ Síwájú Rẹ̀

"Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín severity àti priority?" Bí ẹni ń fi àdúrà ṣí ìpàdé ni wọ́n ṣe ń fi ìbéèrè yìí ṣí íntáfíù ní Kumasi báyìí. Ẹ jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wá tẹ́sítà, ìyẹn ẹni tí yóò máa yẹ sọ́fítíwìa wò kó tó bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà, ì báà jẹ́ ní Adum, ì báà jẹ́ lẹ́bàá yunifásítì KNUST, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹni tó wá wáṣẹ́ á dáhùn láìmí, torí ó ti há a sórí lóru àná. Wọ́n á bi í pé kí ni regression, kí ni smoke test, ìpele mélòó ni àyẹ̀wò ní. Á tún dáhùn. Wọ́n á yẹ sàtífíkéètì rẹ̀ wò, wọ́n á bi í bóyá ó mọ Selenium, irinṣẹ́ tó ń dá àyẹ̀wò ṣe, lò, wọ́n á tẹ́tí sí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ sí, wọ́n á kọ máàkì sílẹ̀. Títí tí yóò fi dìde, kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan lé e lọ́wọ́ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ọ̀nà tó wà nínú iṣẹ́ náà, tó ní ìwé ẹ̀rí, tó sì lè kọ kóòdù díẹ̀, ti mọ iṣẹ́. Èrò yìí ti di òfin láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i. Èmi ò gbà á. Ẹnu dùn-ún rò'fọ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìgbìmọ̀ tó ń wá ẹni tí kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìrí ẹ̀rí ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ láìrí ẹ̀rí.

Ẹ bá mi dé Suame Magazine, nínú Kumasi yìí kan náà, níbi tí àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní fítà, àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Ọ̀gá fítà kì í bi ọmọ tó fẹ́ wá bá a ṣiṣẹ́ pé kí ló ń jẹ́ kàbúrétọ̀. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tí ara rẹ̀ ò dá, á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, á wá bi ọmọ náà pé kí ló gbọ́. Bí ó bá ní òun ò tíì mọ̀, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wo ibi tí èéfín ti ń jáde, ọ̀gá ti rí ohun tó ń wá. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ páàtì lọ rẹrẹẹrẹ, ọ̀gá ti rí ìyẹn náà. Lọ́dún 1980, KNUST gbé ẹ̀ka kan kalẹ̀ sí Suame kí ìmọ̀ ẹ̀rọ lè máa ti yunifásítì dé ọ̀dọ̀ àwọn fítà. Mo rò pé èyí tó yẹ kó gba ojú ọ̀nà kan náà padà ò tíì dé.

Ẹ wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń bọ yìí. ISTQB, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, ló ni èyí tó lókìkí jù. Ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 40 láàárín wákàtí kan, wọ́n sì ti to ìdáhùn sí abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí èèyàn mú èyí tó tọ̀nà. Ẹni tó bá gba 26 ti yege. Mi ò bú ìdánwò náà. Ó fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní èdè kan náà, tí ẹni tó wà ní Kumasi fi lè gbọ́ ti ẹni tó wà ní Berlin. Àmọ́ kí ló ń wọ̀n? Níbẹ̀, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí o tó dé. Tìrẹ ni kó o mú un. Nídìí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa to àṣìṣe sílẹ̀ fún ẹ pé mú ọ̀kan nínú mẹ́rin. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé àṣìṣe kankan wà. Ẹni tó kọ kóòdù náà á búra pé kò sí.

Àwa Yorùbá tí ìdílé wa ti pẹ́ ní Kumasi yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìwé bá gba ipò èèyàn. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde ní Ghana. Àwọn tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń sọ Twi bí onílé, kó ẹrù wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, ìlú tí àwọn míì nínú wọn ò dé rí. Ọ̀rọ̀ íntáfíù ò tó ìyẹn, mo mọ̀. ISTQB ò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí irú rẹ̀ kì í tètè gbà pé ìwé ló mọ èèyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò le. Ẹ mú òfin kan tí gbogbo Kumasi mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìjọba Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí e-levy lórí owó tí èèyàn bá fi MoMo, ìyẹn àpamọ́ owó orí fóònù, ránṣẹ́. Ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀, ó di ìdá 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 2025. Òfin náà dá 100 sídì àkọ́kọ́ sí lóòjọ́. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bù lé. Ẹni tó bá sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, láti àpamọ́ kan sí òmíràn, kì í san nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ẹ nà án sí ẹni tó wá wáṣẹ́, ẹ ní: "Ká ní ìwọ ni wọ́n ní kó yẹ áàpù tó ń gba owó-orí yìí wò. Ṣe é lójú wa." Kí ẹ sì pa ẹnu mọ́.

Mo wà níbi tí wọ́n ti ṣe é rí. Ọkùnrin kan tí ìwé ẹ̀rí kún CV rẹ̀ ní boundary value analysis ni òun máa lò, ó sì dúró bí ẹni tó ti parí. Nígbà tí wọ́n ní kó lò ó, ó ní òun á dán 99, 100 àti 101 wò. Kò burú. Ọmọbìnrin tó wọlé tẹ̀ lé e kò mọ orúkọ yẹn rárá. Ó ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: "Ọjọ́ wo? Ṣé ọ̀gànjọ́ òru ni ọjọ́ ń yí, àbí láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́? Tí mo bá fi 60 ránṣẹ́ láàárọ̀, tí mo tún fi 60 ránṣẹ́ lálẹ́ ńkọ́? Tí ti àárọ̀ bá jẹ́ lórí MTN, tí ti alẹ́ jẹ́ lórí Vodafone? Tí èkejì bá kùnà tí owó padà wá, ṣé owó-orí á bá a padà? Tí ohun tó lé bá jẹ́ sídì kan àti pésúwà 37, owó-orí rẹ̀ ò ṣe pésúwà kan géérégé. Ta ló máa jẹ èyí tó ṣẹ́ kù?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀ pé nọ́ńbà méjì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló wà nídìí gbogbo òfin náà. Láìsí pé wọ́n so nọ́ńbà fóònù mọ́ káàdì ìdánimọ̀ Ghana Card, kò sí bí ẹ̀rọ kankan ṣe lè ka 100 sídì ẹnì kan lóòjọ́. Ọmọ tí kò tíì ṣe iṣẹ́ náà rí ló rí i níbi tó jókòó sí. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ni wọ́n gbà síṣẹ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà kò mọ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Àṣìṣe tún máa ń mọ ilé tó ń gbé, ẹni tó bá mọ àdúgbò ló sì ń bá a nílé. Lọ́jọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2007, Ghana gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó rẹ̀, 10,000 sídì àtijọ́ di sídì tuntun kan. Títí dòní, ẹ óò rí ìyá àgbà ní ọjà Kejetia tí yóò pe 100 sídì ní mílíọ̀nù kan. Bí áàpù bá ní kó tẹ iye tó fẹ́ fi pamọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tó bá tẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń kà fún ìdánwò. Ọmọ Kumasi ni yóò béèrè rẹ̀, bí ẹ bá fún un láyè.

Tàbí ẹ mú ọ̀rọ̀ SMS. Ìlànà GSM gba àmì 160 nínú SMS kan, ìyẹn bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú tábìlì kékeré kan tí wọ́n tò kalẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú tábìlì bá yọjú, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí ìlànà míì tí kò gbà ju 70 lọ. Ɔ àti ɛ ti Twi kò sí nínú tábìlì náà. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa náà kò sí níbẹ̀. (Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀ pé pérépéré, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ pátá, àmọ́ nínú ohùn òkè, é nìkan ló ríbi jókòó sí. Nítorí àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ṣe tò ó bẹ́ẹ̀, ó sì hàn lójú rẹ̀.) Báńkì kékeré tó ń fi SMS tó kún àmì 160 kí Ṣọlá àti Abɛna yóò san owó SMS mẹ́ta níbi tó rò pé ọ̀kan lòun fi ránṣẹ́. Tẹ́sítà tó bá fi "John" àti "Mary" dán an wò kò ní mọ̀ títí wọ́n á fi gbé owó rẹ̀ dé.

Ẹni tó bá ní nǹkan kékeré ni mò ń sọ, kó rántí JAMB, àjọ tó ń ṣe UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní Nàìjíríà. Èsì UTME ọdún 2025 jáde lóṣù karùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó jókòó fún un kò gba 200, ariwo sì sọ. Lọ́jọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jẹ́wọ́ àṣìṣe níwájú àwọn oníròyìn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ 379,997 ló kàn, ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún gúúsù ìlà-oòrùn. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò náà ṣe. Wọ́n ti yí bí ẹ̀rọ ṣe ń da ìdáhùn rú láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí èkejì padà. Wọ́n fi àtúnṣe yẹn sórí àwọn sáfà tó ń sin apá tó kù nílẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tó yẹ kó fi í sórí èyí tó ń sin Èkó àti gúúsù ìlà-oòrùn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mú ìdáhùn tó tọ́, ẹ̀rọ ní kò tọ́.

Kò sí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí èèyàn há sórí tó lè mú irú èyí. Ìbéèrè tó lè mú un ni pé: ṣé ohun tó wà lórí sáfà Èkó náà ló wà lórí ti Kàdúná? Ẹ mú ìwé ọmọ kan ṣoṣo ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ ṣe máàkì rẹ̀, ẹ fi wé ti ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kan WAEC, àjọ tó ń ṣe WASSCE, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Accra, ní Ghana níbí. Èsì WASSCE ti Nàìjíríà jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ: ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Lọ́dún tó ṣáájú, 72.12 ni. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì oríṣiríṣi kí wọ́n má bàa wo ìwé ara wọn, àmọ́ fáìlì ìdáhùn tí wọ́n fi ṣe máàkì kò bá ìbéèrè mu. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 38.32 di 62.96. Àwọn àgbàlagbà ti ń bú àwọn ọmọ pé wọn ò kàwé, pé TikTok ti jẹ wọ́n lórí. Tẹ́sítà gidi ì bá ti fura sí nọ́ńbà náà kó tó fura sí àwọn ọmọ. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ ni kí íntáfíù máa wá, kò sì sí bí severity àti priority ṣe lè fi í hàn.

Ẹ̀ka kejì èrò tí mò ń bá jà ni ti kóòdù: pé tẹ́sítà jẹ́ akóòdù tí kò tíì dàgbà, torí náà Selenium àti Cypress ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1979, Glenford Myers gbé ìdánwò kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, The Art of Software Testing. Ètò kan ń gba nọ́ńbà mẹ́ta, ó ń sọ irú onígun mẹ́ta tí wọ́n jẹ́. Kọ ohun gbogbo tí o máa fi dán an wò. Myers to ìbéèrè 14 tó fi ń wọn ìdáhùn èèyàn, ó sì ròyìn pé àwọn akóòdù onírìírí ń gba 7.8 ní ìpíndọ́gba. Ó fi díẹ̀ lé ní ààbọ̀, lórí nǹkan tí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì mọ̀. Ẹni tó ń kọ kóòdù ń ro bó ṣe máa ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í fẹ́ yà síbi tó ti máa dà rú. Irinṣẹ́ aládàáṣe á tún ìbéèrè tí èèyàn ti béèrè béèrè nígbà ẹgbẹ̀rún láìrẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ńlá sì ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, òun náà ò ní béèrè rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọbìnrin tó béèrè pé ọjọ́ wo ní Selenium, oṣù díẹ̀ ni. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ kọ́ ẹni tó mọ Selenium ní ìfura.

Wọ́n á ní CV igba ló wọlé fún àyè kan, àwọn ò sì lè jókòó ti igba èèyàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ajọ̀ tí wọ́n ń lò báyìí ni mò ń bá jà, mi ò ní kí wọ́n má fi ajọ̀ jọ̀. Ẹ fi àwòrán ojú áàpù kan tí nǹkan ò tọ́ nínú rẹ̀ sínú ìkéde iṣẹ́ náà, kí ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ kọ ààbọ̀ ojú ìwé lórí ohun tó rí. Ọ̀pọ̀ kò ní kọ nǹkan kan, ajọ̀ ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní oníbàárà Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ gba ẹni tó dáa síṣẹ́, ẹ sanwó ìdánwò fún un. Ẹni tó béèrè ìbéèrè e-levy yẹn á gba ju 26 lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ìwádìí, Schmidt àti Hunter kó iṣẹ́ ọdún 85 jọ lọ́dún 1998 lórí ohun tó ń fi hàn ṣáájú bóyá òṣìṣẹ́ máa dáa, àpẹẹrẹ iṣẹ́ sì wà lókè níbẹ̀. Mi ò ní fi ìyókù pamọ́: lọ́dún 2022, Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, àpẹẹrẹ iṣẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bọ́ sípò kìíní ni íntáfíù tó létò, tí gbogbo èèyàn ń gba ìbéèrè kan náà, tí wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n kan náà ṣe máàkì wọn. Èyí tí ọ̀gá ń béèrè ohun tó bá sọ sí i lọ́kàn wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo fara mọ́ ọn. Ohun kan náà tó bàjẹ́ ni kí wọ́n gbé síwájú gbogbo ẹni tó wá, kí wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n ń wá sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ibì kan wà tí mo ti wà lẹ́yìn àwọn tó ń takò mí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gbé áàpù wọn gan-an fún ẹni tó wá wáṣẹ́ pé kó lọ fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á gba àṣìṣe tó rí, wọ́n á tún un ṣe, wọn ò ní pè é mọ́. Olè ni wọ́n. Wákàtí kan ti tó, nínú ọ́fíìsì, lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, lórí áàpù tí kò sí lọ́jà. Áàpù susu ni mo fẹ́ràn jù, ti alájọ tó ń gba owó kiri ojoojúmọ́. Ẹ fi àṣìṣe mélòó kan pamọ́ sínú rẹ̀: kó máa gba owó tó dín sí òdo, kó má dá Kofi méjì mọ̀ yàtọ̀, kó ka owó lẹ́ẹ̀mejì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tí alájọ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó bóyá á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa lò ó. Ẹ wo ohun tó máa ṣe lẹ́yìn tó bá rí àṣìṣe kan, bóyá á máa yọ̀ tàbí á walẹ̀ sí i níbẹ̀. Kó kọ ohun tó rí, kí ẹlòmíì nínú ìgbìmọ̀ mú ìwé náà, kó gbìyànjú láti tún rí àṣìṣe náà láìbi í léèrè. Bí ó bá rí i, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó. Ì báà máa bá ara rẹ̀ sọ Twi tàbí Hausa bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló kàn yín? Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Kí lo ò dán wò?" Ẹni tó bá ní òun ti dán gbogbo rẹ̀ wò, ẹ kí i, kó máa lọ sílé.

Kí ìgbìmọ̀ náà sì kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò ọ̀hún fúnra wọn, kí wọ́n tó fi ṣe ẹlòmíì. Mo dá a lábàá níbì kan. Ọ̀gá àgbà ní àbá náà dára, òun á ronú sí i. Igbákejì rẹ̀ wo aago, ó ní òun ní ìpàdé ní Adum.